Ẹni Tí Ọpẹ́ Rẹ̀ Bá Tóbi Ni Yóò Fọ Abọ́

Bí ẹ bá rí Màmá Alágbàfọ̀ níbi tó ti ń lọ aṣọ, ẹ óò rò pé aṣọ náà ló bú ìyá rẹ̀. Yóò gbá a mú lọ́rùn, yóò tẹ́ ẹ gbalaja sórí tábìlì, yóò ki ìka bọ omi, yóò wọ́n ọn sí i lára, lẹ́yìn náà ni yóò gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná lé e láyà. Kò ní í fi í lọ́rùn sílẹ̀ títí gbogbo ibi tó hunjọ lára rẹ̀ yóò fi nà tán. Tó bá wá parí, yóò gbé e kọ́, yóò fi ẹ̀yìn ọwọ́ ra á lára wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ìgbà tí abiyamọ bá na ọmọ tán tó wá ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni. Ìyá mi ló rán mi lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ pé kí n lọ kọ́ṣẹ́, nítorí ó ní ọwọ́ mi dilẹ̀ jù, ẹnu mi nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Màmá gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀. Ohun tí kò sẹ́ni tó sọ fún mi ni pé bíbá a rìn lójú títì, ìyà ọ̀tọ̀ ni. Tó bá rí ẹni tí kọ́là rẹ̀ wọ́, kò lè kọjá lọ. Yóò dá onítọ̀hún dúró, yóò bá a tún un ṣe, yóò sì bi í pé ta ló lọ aṣọ yìí, ṣé ìjà wà láàrin wọn ni. Èmi á ti sá dúró sẹ́yìn igi kan lọ́ọ̀ọ́kán, kí wọ́n má bàa mọ̀ pé a jọ jáde ni. Lọ́jọ́ tí dókítà pè é sí kọ̀rọ̀ nílé ìwòsàn láti sọ bí ara ọkọ rẹ̀ ṣe rí fún un, ó kọ́kọ́ na ọwọ́, ó tún kọ́là dókítà náà ṣe, ó ní ó yá, kó máa sọ ọ́. Mi ò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn.

Ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ yẹn gan-an ni mo fẹ́ sọ.

Káfíńtà ni. Bàbá Káfíńtà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ṣọ́ọ̀bù aṣọ ló wà níwájú ilé, ilé pákó tí Bàbá ti ń ṣiṣẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, fèrèsé kan ṣoṣo ló wà láàrin wọn. Láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú ni tọkọtaya yìí máa ń gba ojú fèrèsé yẹn bú ara wọn. Màmá á ní kí Bàbá rọra fá pákó rẹ̀, kí lẹ́búlẹ́bú má fò wá bá aṣọ funfun òun. Bàbá á ní ta ló ní kó máa sá aṣọ funfun sẹ́gbẹ̀ẹ́ káfíńtà, ṣé kò rí ibi ẹlòmíràn lọ ni. Màmá á ní òun rí ibi ẹlòmíràn dáadáa nígbà tóun ṣì jẹ́ ọmọge, ojú ló fọ́ òun. Bẹ́ẹ̀, tábìlì tí wọ́n fi ń jẹun nínú ilé ń mì. Káfíńtà ló kàn án, káfíńtà ló ń jẹun lórí ẹ̀, bébà tí wọ́n ká sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sì ti pẹ́ nínú ilé náà jù mí lọ. Bàbá ní ọ̀la lòun máa tún un ṣe. Ìgbàkigbà tí mo bá béèrè, ọ̀la náà ni.

Ìdí tábìlì yẹn ni eré wọn ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí àbíkẹ́yìn wọn kó jáde nílé, tó wá ku àwọn méjèèjì, ilé dákẹ́ jù fún wọn. Bàbá ti máa ń dúpẹ́ tẹ́lẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ìrọ̀lẹ́, àmọ́ ọpẹ́ Bàbá máa ń gùn. Á dúpẹ́ ẹ̀mí, á dúpẹ́ àlàáfíà, á dúpẹ́ ọmọ, á dúpẹ́ ilé, á dúpẹ́ òjò, á dúpẹ́ oòrùn, á kan ìjọba. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí ẹ̀yìn ń ro Màmá, tí iṣẹ́ ọjọ́ náà ti lù ú bolẹ̀, ó já ọpẹ́ náà gbà mọ́ Bàbá lẹ́nu. Ó ní tó bá jẹ́ pé àwọn ọpẹ́ olórí ńlá wọ̀nyí ló tún fẹ́ kó sílẹ̀, Bàbá fúnra rẹ̀ ni yóò fọ abọ́. Bàbá ní kí ló wá yẹ kóun dúpẹ́ fún. Màmá ní kó mú ohun kan ṣoṣo, èyí tó ṣẹlẹ̀ lónìí, tó fi ojú ara rẹ̀ rí. Bàbá ronú lọ títí, ó ní ó dáa, òun dúpẹ́ pé ìṣó kan bọ́ lọ́wọ́ òun lọ́sàn-án, òun sì rí i láìjẹ́ pé òun kúnlẹ̀ wá a. Màmá ní òun dúpẹ́ pé bọ́tìnì kan tóun rò pé ó ti já lára ṣẹ́ẹ̀tì oníbàárà, òwú kan ṣì dì í mú. Ni àríyànjiyàn bá dé: èwo ló kéré jù nínú méjèèjì?

Bí òfin ṣe dé nìyẹn. Ẹni tí ọpẹ́ rẹ̀ bá kéré ló borí, ẹni tí ọpẹ́ rẹ̀ bá tóbi ni yóò fọ abọ́. Wọn ò sọ fún àwọn ọmọ wọn. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún ọmọ tó ti nílé tiẹ̀?

Nígbà tí mo dé, wọ́n fi mí jẹ adájọ́. Mo rí nǹkan. Bàbá dúpẹ́ rí pé eṣinṣin kan bà lé fáníìṣì tí kò tíì gbẹ, ó sì fúnra rẹ̀ yọ ẹsẹ̀ kúrò. Màmá dúpẹ́ pé ológbò Ìyá Oníbúrẹ́dì, aládùúgbò wa, wo aṣọ funfun lórí okùn, ó rò ó, ó sì bá tiẹ̀ lọ. Èmi náà dúpẹ́ lọ́jọ́ kan pé mi ò bá ẹnikẹ́ni jà láti àárọ̀. Àwọn méjèèjì panu pọ̀ pé èyí ti tóbi jù, pé iṣẹ́ ìyanu nìyẹn, kí n dìde lọ fọ abọ́. Tó bá wá jẹ́ pé Màmá ló pàdánù, Bàbá kì í sọ ọ́ lẹ́nu. Ìka kan ni yóò fi máa ti abọ́ rẹ̀ lọ síwájú ìyàwó rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ á le koko bíi ti ọlọ́pàá, títí abọ́ á fi kan abọ́. Màmá á pè é ní ìkà. Á sì lọ fọ̀ ọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ariwo ráńdà tí Bàbá fi ń fá pákó dákẹ́. Màmá gba ojú fèrèsé bú u, kò gbọ́ èsì. Ó tún bú u. Nígbà tí èsì ò wá lẹ́ẹ̀kejì ló ju áyọ́ọ̀nù sílẹ̀, tó sáré. Bàbá wà nílẹ̀ láàrin èérún pákó, pẹ́ńsùlù ṣì wà létí rẹ̀.

Àrùn rọpárọsẹ̀ ni. Apá ọ̀tún lọ, ẹsẹ̀ ọ̀tún lọ, ọ̀rọ̀ ẹnu lọ. Ohun tí dókítà sọ fún Màmá lọ́jọ́ ọ̀rọ̀ kọ́là yẹn ni pé àwọn ò lè sọ bóyá ọ̀rọ̀ ṣì ń yé e. Ó lè máa gbọ́, ó lè má gbọ́. Kí Màmá máa wò ó.

Màmá sì ń wò ó. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ń jí wẹ̀ ẹ́. Á wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó lọ̀ dáadáa fún un, a ó jọ gbé e lọ sórí àga nínú ṣọ́ọ̀bù aṣọ, kó lè máa rí èèyàn. Láti ibẹ̀ ni wàhálà á ti bẹ̀rẹ̀. Aṣọ á wọlé, aṣọ á jáde, oníbàárà kan á ní búlúù pọ̀ jù, òmíràn á ní kò tó, Màmá á gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀ láti fún Bàbá lómi, á tún gbé e, á tún gbé e sílẹ̀ láti yí Bàbá ní ìhà pa dà kí ara rẹ̀ má bàa dégbò. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, tí a bá jẹun tán, á sọ ọpẹ́ tiẹ̀. Á dúró. Á máa wo ojú Bàbá. Bàbá á máa wo ibì kan tí a ò mọ̀. Màmá á wá bá a sọ tiẹ̀, á sì rí i dájú pé ti Bàbá ló kéré jù: pé atẹ́gùn gbé ewé kan wọlé lónìí, kò sì gbé e lé e lórí. Á ní òun ni Káfíńtà tún borí. Á kó abọ́ lọ. Àsìkò yẹn ni mo máa ń rántí pé mo fẹ́ lọ ká pẹ́ẹ̀gì lórí okùn, bó tiẹ̀ jẹ́ pé mo ti ká a.

Ó ń lọ bẹ́ẹ̀ títí di àárọ̀ tí àwọn méjèèjì jọ ṣubú ní balùwẹ̀. Nígbà tí mo wọlé, Màmá wà lábẹ́, Bàbá wà lórí rẹ̀, Màmá ń rẹ́rìn-ín, omijé sì ń dà lójú rẹ̀. Ó ní kí ló dé tí mò ń wò wọ́n bẹ́ẹ̀, ṣé mi ò rí tọkọtaya rí ni. Àmọ́ kò lè dá dìde. Láti ọjọ́ náà ló ti ń fi ọ̀já di ìbàdí gírígírí kó tó lè dúró nídìí tábìlì áyọ́ọ̀nù. Ó kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má sọ fún àkọ́bí òun. Mo pa á mọ́ra. Ìyá Oníbúrẹ́dì, tí kò lè pa nǹkan kan mọ́ yàtọ̀ sí búrẹ́dì àná, ló pè é lórí fóònù.

Àkọ́bí yìí, Bọ̀ọ̀dá ni mò ń pè é. Ìlú tó jìnnà ló ń gbé, ọkọ̀ akẹ́rù ló ń wà, nọ́ọ̀sì sì ni ìyàwó rẹ̀. Mo ti múra sílẹ̀ pé kó jẹ́ èèyàn burúkú, kí n lè rí ẹni bú, kò bá mi ṣe é. Ó dé, ó jókòó ti bàbá rẹ̀, ó di ọwọ́ tó ti kú náà mú, ó pẹ́ kó tó fi í sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tó bá wá. Ó fẹ́ mú Bàbá lọ. Yàrá kan wà nísàlẹ̀ ilé rẹ̀ tí kò ní àtẹ̀gùn, ìyàwó rẹ̀ sì mọ bí wọ́n ṣe ń gbé aláìsàn láìṣe ara ẹni léṣe. Màmá lè máa wá kí wọn tí iṣẹ́ bá ti dilẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé iṣẹ́ kì í dilẹ̀. Inú ṣọ́ọ̀bù yẹn ni oúnjẹ ti ń wá, ibẹ̀ náà ni oògùn ti ń wá. Màmá ò lè tì í kó máa bá wọn lọ.

Màmá ní Bàbá kì í ṣe àpótí tí wọ́n ń gbé káàkiri. Ó ní ọkọ òun ṣì ń bá òun sọ̀rọ̀.

"Mọ́mì," Bọ̀ọ̀dá rọra wí, "ẹ̀yin nìkan lẹ̀ ń sọ̀rọ̀."

"Ó ń gbọ́ mi."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

Màmá na ọwọ́, ó tún kọ́là Bàbá ṣe. Bọ̀ọ̀dá ò fi ìyẹn rẹ́rìn-ín. Ó ní kí àwọn ṣe àdéhùn. Òun á lo òpin ọ̀sẹ̀ náà lọ́dọ̀ wa. Tóun bá fi ojú ara òun rí i pé Bàbá dáhùn ohun kan, bó ti wù kó kéré mọ, òun á fi í sílẹ̀ fún Màmá, òun á sì wá ẹni tí yóò máa bá wa gbé e. Tóun ò bá rí i, òun àti Bàbá á jọ lọ. Màmá gbà kíá, bí ẹni tí kò bẹ̀rù. Mo mọ̀ pé ó ń bẹ̀rù, nítorí ó lọ ìnura, ó sì tún un lọ̀.

Ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́, kò sí nǹkan kan. Màmá sọ ọpẹ́ tiẹ̀, ó dúró, ó dúró, Bàbá sì sùn lọ lórí ìjókòó, oúnjẹ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Màmá ní ìrìn àjò ló rẹ̀ ẹ́. Kò sẹ́ni tó rán an létí pé Bọ̀ọ̀dá ló rìnrìn àjò. Bọ̀ọ̀dá fi aṣọ nu ẹnu bàbá rẹ̀, ó sì ṣe é jẹ́jẹ́ débi pé mi ò lè wò ó.

Ọjọ́ kejì ni ẹ̀rọ ìfọṣọ òtẹ́ẹ̀lì tó wà ní ìgboro yan láti bàjẹ́. Àárọ̀ kùtù ni wọ́n já aṣọ ibùsùn sí wa lẹ́nu ọ̀nà, òkìtì rẹ̀ ga jù mí lọ, wọ́n sì fẹ́ gbogbo rẹ̀ kí àlejò wọn tó dé ní ìrọ̀lẹ́. A fọ̀, a fún, a sá, a lọ̀ ọ́. Aṣọ ibùsùn kì í ṣe nǹkan tí ẹnì kan lè dá ká, ẹni méjì ló máa ń di etí rẹ̀ mú, wọn á nà án, wọn á rìn pàdé ara wọn, wọn á tún nà án, wọn á tún pàdé. Iṣẹ́ èmi àti Màmá ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìbàdí Màmá fẹ́ dá a dúró, Bọ̀ọ̀dá dìde, ó gba etí kejì lọ́wọ́ mi. Ẹ gbà mí, ọkùnrin yìí ò mọ aṣọ ká. Ìgbà tí wọ́n bá pàdé, tiẹ̀ á ti lọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ bí okùn. Màmá bi í pé ṣé ọwọ́ yìí náà ló fi ń di ìdarí ọkọ̀ mú, ká kìlọ̀ fún àwọn ará ojú ọ̀nà. Bọ̀ọ̀dá rẹ́rìn-ín títí tí aṣọ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ń nà án, wọ́n ń pàdé, ìyá àti ọmọ, Bàbá sì wà lórí àga rẹ̀ láàrin gbogbo funfun yẹn.

Nígbà tí wọ́n fi wá kó aṣọ náà lọ, kò sẹ́ni tó lè na ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa nínú wa. A jẹun. Màmá ò tilẹ̀ ronú nígbà tí àsìkò ọpẹ́ tó, ó kàn fi ọwọ́ lérán, ó ń wo ọmọ rẹ̀.

Ó ní, "Mo dúpẹ́ pé ọmọ mi wálé, tó bá mi di etí aṣọ mú."

Èmi adájọ́ mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ó ti pàdánù. Mi ò tíì gbọ́ ọpẹ́ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ lórí tábìlì yẹn rí. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀? Mo tẹ orí ba.

Nígbà náà ni mo gbọ́ nǹkan tó ń ha lórí pákó.

Ìka ọwọ́ òsì Bàbá ni. Ó wà létí abọ́ rẹ̀, ó ń tì í. Abọ́ náà rìn díẹ̀, ó dúró, ìka náà gbọ̀n, ó tún tì í. Bọ̀ọ̀dá ní áà, Bàbá ò fẹ́ oúnjẹ mọ́, ó na ọwọ́ láti gbé abọ́ náà kúrò. Màmá gbá a lọ́wọ́ mú.

"Fi í sílẹ̀. Má fọwọ́ kàn án."

Abọ́ náà ń bọ̀. Ó kọjá ife, ó yà sí ẹ̀gbẹ́ kan, Bàbá fà á pa dà sójú ọ̀nà, ó tún ń tì í, òógùn ti bo iwájú orí rẹ̀. Nígbà tí abọ́ kan abọ́, Màmá bú sẹ́rìn-ín. Ó pè é ní ìkà, ó ń pè é bẹ́ẹ̀ léraléra, ó gbé orí lé tábìlì, kò sì sẹ́ni tó lè mọ ìgbà tí ẹ̀rín náà di ẹkún.

Èmi ni mo ṣàlàyé fún Bọ̀ọ̀dá. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ, láti orí ìṣó àti bọ́tìnì. Ó wá yíjú sí bàbá rẹ̀, ó ń wò ó bí ẹni tó rí èèyàn lójú fèrèsé ilé tó ti gbà pé ó ṣófo.

Ó ní òun gbà, àdéhùn ni àdéhùn, Màmá ló borí. Ó ní, "Ṣùgbọ́n Mọ́mì, tó bá jẹ́ pé ó ń gbọ́ láti ọjọ́ yìí wá, kí ló dé tí kò sẹ́ni tó bi òun fúnra rẹ̀?"

Òótọ́ ni. Ìṣojú Bàbá la ti ń sọ gbogbo rẹ̀ láì bi í, bí ìgbà tí wọ́n ń jiyàn ibi tí wọ́n máa gbé kọ́bọ́ọ̀dù sí.

Màmá ní kí wọ́n bi í, kí wọ́n bi í dáadáa. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó lọ kúnlẹ̀ síwájú Bàbá, ó ní kí Bọ̀ọ̀dá náà kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun.

"Káfíńtà mi, ẹ gbọ́. Ọmọ yín ní kẹ́ ẹ bá òun lọ. Èmi ní kẹ́ ẹ dúró. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dúró, ẹ di ọwọ́ mi mú. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ di tiẹ̀ mú."

Bàbá wò ó pẹ́. Kò wo ibi tí a ò mọ̀ mọ́, ojú Màmá gan-an ló ń wò. Ó gbé ọwọ́ òsì sókè, Màmá sì ti na tiẹ̀. Ọwọ́ náà kọjá ọwọ́ rẹ̀, ó lọ sí ìbàdí rẹ̀, ó fọwọ́ kan ọ̀já tó fi dì í. Ó rọra gbá a pẹ́pẹ́. Ó wá mú un kúrò níbẹ̀, ó di ọwọ́ Bọ̀ọ̀dá mú.

"Ẹ ti ṣì í mú," Màmá wí. Ó tún ọ̀rọ̀ náà sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó tilẹ̀ na ọwọ́ rẹ̀ sún mọ́ ọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọwọ́ Bọ̀ọ̀dá náà ló tún dì mú, kò sì fi í sílẹ̀.

Màmá dìde. Inú bí i, ẹ̀yin èèyàn, inú bí i bí mi ò ṣe rí i rí. Ó ní háà, ṣé ibi tó wà látọjọ́ yìí nìyẹn, tó ń gbọ́ gbogbo nǹkan, tó sì ń dá ìpinnu ṣe láìbá òun sọ ọ́. Ó ní bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, bó ṣe ra ilẹ̀ láìsọ fún òun náà nìyẹn. Ó kó abọ́ lọ, ó ń fọ̀ ọ́ gbàgàgbàgà, ó ń ka ẹ̀ṣẹ̀ ọkọ rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra: ìhanrun rẹ̀, tábìlì tó ń mì, àǹtí rẹ̀ tó wá lo ọjọ́ díẹ̀ tí kò lọ mọ́. Bọ̀ọ̀dá fẹ́ dá a lẹ́kun, mo fa aṣọ rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bá Bàbá jà kẹ́yìn. Àánú nìkan la ti ń fún un. Mo wo ẹnu rẹ̀, apá ibi tó ṣì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ti gbé sókè díẹ̀.

Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, wọ́n lọ. Màmá ti lọ gbogbo aṣọ Bàbá, títí kan èyí tí kò ní í wọ̀ láé. Ó ṣì ń bínú, kò bá a sọ̀rọ̀ nígbà tí a ń gbé e sínú ọkọ̀. Ìgbà tí Bọ̀ọ̀dá ti fẹ́ ṣáná sí i ni Màmá na orí gba ojú fèrèsé ọkọ̀, ó sọ nǹkan sí Bàbá létí. Mi ò gbọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ mo na etí dáadáa. Ọkọ̀ lọ, Màmá wọlé lọ tan áyọ́ọ̀nù.

Ó ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà bí ẹni tí wọ́n lé. Ó lọ aṣọ tí wọ́n máa wá gbà ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, mo gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún àwa méjèèjì, kò sì fọwọ́ kan tiẹ̀. Mo gbìyànjú, mo ní èmi dúpẹ́ pé kòkòrò kan wọ inú bàtà mi láàárọ̀, ó sì jáde kí n tó wọ̀ ọ́. Ó ní ẹ̀n. Kò sọ pé ó kéré, kò sọ pé ó tóbi. Mo jókòó síbẹ̀, ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu mi, ohun tí ìyá mi ti ń gbàdúrà fún láti kékeré mi.

Fóònù Màmá dún, ó ṣí ohùn rẹ̀ síta kí èmi náà lè gbọ́. Bọ̀ọ̀dá ni. Wọ́n ti dé láyọ̀, ọ̀nà dáa, ṣùgbọ́n Bàbá ò jẹun. Ìyàwó òun ti gbìyànjú títí. Bàbá di ṣíbí mú, kò sì gbé e. Ìyàwó òun ní bóyá ọ̀nà ọ̀fun ni, àwọn fẹ́ gbé e lọ fún àyẹ̀wò lọ́la.

Màmá bi í pé kí ni Bàbá ń wò.

Bọ̀ọ̀dá ní, "Ẹnu wa ni. Ó kàn ń wo ẹnu wa lọ́kọ̀ọ̀kan."

Màmá pa ojú dé. Ó ní kí Bọ̀ọ̀dá gbé fóònù sí Bàbá létí. A gbọ́ tí nǹkan gbọ̀n wìrìwìrì, lẹ́yìn náà a gbọ́ èémí, èémí gígùn tó wúwo lápá kan. Màmá ò ní ọpẹ́ kankan nílẹ̀. Mo rí i bó ṣe ń wá a, ó wo tábìlì, ó wo ẹsẹ̀ mi, ó wo ẹnu ọ̀nà tó lọ sí ẹ̀yìnkùlé níbi tí okùn ìsáṣọ wà. Níbẹ̀ ni ojú rẹ̀ dúró.

"Káfíńtà," ó ní. "Ìbọ̀sẹ̀ yín kan ló ṣẹ́kù sórí okùn. A gbàgbé ẹ̀ nígbà tí a ń di ẹrù." Ohùn rẹ̀ fẹ́ já, ó gbé e ró. "Mo dúpẹ́ pé ó ti gbẹ."

Kò sí ìró kankan. Èémí yẹn nìkan. Lẹ́yìn náà ni ṣíbí kan abọ́.

Bọ̀ọ̀dá fẹ́ sọ̀rọ̀, a gbọ́ ohùn rẹ̀ láti òkèèrè, Màmá sì ní kó dákẹ́, kó fi fóònù náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó fa abọ́ tirẹ̀ súnmọ́ra, òun náà mú ṣíbí. Bàbá kì í kánjú jẹun, ìgbà tí ara rẹ̀ le gan-an kì í kánjú. A jókòó, a ń gbọ́ ọ bó ṣe ń bù ú, tó ń dúró, tó tún ń bù ú, kò sì sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú wa títí ó fi jẹ ẹ́ tán.